Lórí Ọ̀rọ̀ Igi Fúrúùtù àti Alhájì Onílé Yín

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Ìgbòho.

Moróunkẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú ilé, mo kí ọ kú ọ̀nà ọ́fíìsì, mo kí ọ kú ìtọ́jú ọmọ. Bá mi kí ọkọ rẹ, bàbá Adétóun, kí o sọ fún un pé ìyá ìyàwó rẹ̀ ní kó máa jẹun kó tó jáde láàárọ̀. Bá mi gbé Adétóun mọ́ra, kí o sọ sí i létí pé ìyá àgbà kò tíì gbàgbé orin tí wọ́n ń kọ fún un. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Mọ́níyà já sí kòtò, òun náà ni yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín, ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kọ ní ìlú tí títì pọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Bí o bá béèrè ara wa, èmi àti bàbá rẹ wà, oúnjẹ ń gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá, orúnkún nìkan ló ń ké, ti àgbà sì nìyẹn.

Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ awakọ̀ tí o fún. Mo kà á fúnra mi, mo tún un kà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìjọ wa tí wọ́n kọ́ mi ní ìwé lágbà, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí màá fẹ́ kí ẹlòmíràn kà sí mi létí. O ní láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín, gbogbo Sátidé ìmọ́tótó ni Alhájì Tàjúdéènì, onílé yín, ń wá jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, tí wọn kì í dìde títí di ìrun àílà, tí wọ́n ń wo gọ́tà, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ju èyí àti ẹni tó ju tọ̀hún. O ní àwọn ayálégbé yòókù ń kùn pé ìyá rẹ ló lọ gbé Alhájì wá bá wọn. O wá bi mí pé, Màámi, kí ni ẹ sọ fún Alhájì nílé wọn ní Ṣálẹ́ǹjì gan-an? Ọmọ mi, n kò sọ ohun búburú kankan. Màá tò ó fún ọ bó ti rí, kí o lè mọ ohun tí o máa fi dá wọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé, kó má di pé mo gbàgbé. A ti ń wa iṣu. Ewúrẹ́ wa tó ní àmì lójú ti bí ìbejì. Bàbá rẹ nìkan ni n kò mọ bí màá ṣe sọ tiwọn. O mọ àwọn òkúta rédíò tó ti kú, tí a máa ń sá sóòrùn kí wọ́n lè jí díẹ̀ kí ìròyìn tó dé? Bàbá rẹ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sóko, wọ́n rì í sí ìdí ebè. Wọ́n ní agbára ṣì kù nínú rẹ̀. Wọ́n ní ohun tó lè mú kí ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn kí a gbọ́ ọ ní Ìgbòho, ṣé iṣu ni kò ní lè ta jí? Iṣu orí ebè náà kò tíì sọ̀rọ̀ o, ewé rẹ̀ ló ń pọ́n. Mo ní kí wọ́n lọ hú òkúta náà, wọ́n ní obìnrin kò mọ iṣẹ́ àgbẹ̀. Jọ̀wọ́, bá mi béèrè lọ́wọ́ wolé-wolé yín bóyá ènìyàn lè jẹ iṣu tó mu omi òkúta rédíò, nítorí èmi kò tíì se ẹyọ kan níbẹ̀, iṣu oko odò ni mò ń fi dí i.

Ó dára. Ọ̀rọ̀ Alhájì.

Nígbà tí mo wá tọ́jú rẹ lẹ́yìn ìbí Adétóun, o mọ̀ pé Bódìjà kọ́kọ́ rú mi lójú. Kò tíì pẹ́ tí mo dé tí mo rí garawa aláwọ̀ ewé tó ní ìdérí lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná yín. Garawa tó dán bẹ́ẹ̀, tí kò jò! Mo rò pé àṣìṣe ló gbé pàǹtí dé inú rẹ̀. Mo da pàǹtí nù, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a, mo sì rọ èlùbọ́ tí mo gbé wá sínú rẹ̀. Ìgbà tí bàbá Adétóun jẹ ọsàn tán, tó ṣí i, tó da èèpo ọsàn lé èlùbọ́ lórí, mo kàn ń wò ó. Mo ní bóyá bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń mú kí èlùbọ́ ta sánsán nìyẹn. Àna mi ni, n kò lè bá a jiyàn.

Ti Sátidé ìparí oṣù tún wá le ju ìyẹn lọ. Rédíò ń pariwo láti ìdájí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde sí títì títí aago mẹ́wàá yóò fi lù, pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò jìyà. Ọmọ ìlú olórò ni mí, bí mo tilẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kónílé-ó-gbélé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé, mo fi aṣọ bo Adétóun lórí. Ìgbà tí mo yọjú tí mo rí àwọn obìnrin ní gbangba pẹ̀lú ìgbálẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ lóyún, ara mi bù máṣọ. Mo ké mọ́ wọn pé kí wọ́n sáré wọlé, orò ń bọ̀! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. Ìwọ lo wá ṣàlàyé pé ìdọ̀tí ni ìjọba ní kí gbogbo ìlú gbélé gbá. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ìlú tí ìdọ̀tí ti di orò rẹ̀, àfi kí Ọlọ́run ṣàánú.

Ọ̀rá ló sì yà mí lẹ́nu jù. Níhìn-ín, bí a bá ra ẹ̀kọ, ewé ni wọ́n fi ń dì í. A jẹ ẹ̀kọ, ewúrẹ́ jẹ ewé, ọ̀rọ̀ parí. Lọ́dọ̀ yín, wọ́n fi ọ̀rá di búrẹ́dì, wọ́n fi ọ̀rá di ẹ̀wà, wọ́n tún fi ọ̀rá di ọ̀rá. Bí wọ́n bá jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, kò sí ẹran tó lè jẹ ìyókù, afẹ́fẹ́ á gbé e, á fi kọ́ orí igi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn lórí igi fúrúùtù yín, mo rò pé igi náà ló ń so ó. Mo tilẹ̀ rí ẹyẹ kan tó fa ọ̀rá funfun ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fi kọ́ ìtẹ́. Mo ní ẹyẹ yìí, ìwọ náà ti di ará Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn igi yẹn. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, tí fáànù dúró, tí yàrá yín gbóná bí ààrò, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ ẹní sí. Gbogbo ara Adétóun tó sú fún ooru, atẹ́gùn abẹ́ igi yẹn ló bá a mú un kúrò. Ọmọ tó ń fi ẹkún fa ilé ya ní yàrá, bí mo bá ti gbé e dé abẹ́ igi, á máa wo ewé, oorun á máa kùn ún, á sùn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, àdán á dé, wọ́n á máa jà sí fúrúùtù tó pọ́n. Èmi náà á ṣa tèmi láàárọ̀.

Ìgbà náà ni wolé-wolé dé. O ń sùn, bàbá Adétóun wà níbi iṣẹ́. Ọmọkùnrin náà wọ kakí, ó kí mi dáadáa, ó wo gọ́tà tó kún dé ẹnu, ó wo ewé tó tẹ́ rẹrẹ sílẹ̀, ó fi sùúrù kọ̀wé sórí bébà pupa, ó fún mi. Ọwọ́ ìwé rẹ̀ dára, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ, n kò lè kà á. Mo rò pé ìwé ẹ̀rí ni, pé ó yìn wá fún ìtọ́jú igi. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo fún un ní fúrúùtù, mo fi ìwé náà sínú Bíbélì mi kó má baà ká. Ìgbà tí ọkọ rẹ dé tí mo fi ayọ̀ nà án sí i, ó fi ọwọ́ lé orí. Sàmáńsì ni. Wọ́n ní ewé dí gọ́tà, kí onílé wá wí tẹnu rẹ̀ ní kóòtù.

O rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Nùrẹ́nì tó ń bá Alhájì gba owó ilé mú sàmáńsì lọ sí Ṣálẹ́ǹjì, ó sì mú èsì bọ̀: wọn yóò gé igi náà lulẹ̀ ní Sátidé ìmọ́tótó tó ń bọ̀, ayálégbé tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá ilé mìíràn. Bàbá Adétóun kò lè fọhùn, nítorí ó mọ bí ilé ti ṣòroó rí ní Ìbàdàn. Ìwọ sọ fún mi pé, Màámi, igi lásán ni. Ṣùgbọ́n mo rí ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. O rò pé mo ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. O jáde, o fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara igi náà, o dúró bẹ́ẹ̀, o sì padà wọlé.

Ìyẹn ló gbé mi dìde. Mo rò ó pé ẹ̀yin ń gbé ilé onílé, ẹ kò lè sọ̀rọ̀. Èmi jẹ́ àlejò. Bí Alhájì bá bínú lé mi, ibo ni wọ́n fẹ́ lé mi lọ ju Ìgbòho, níbi tí mo ti ń bọ̀?

Mo bi Nùrẹ́nì ní ọ̀nà, mo ṣa fúrúùtù tó pọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, mo wọ ọkọ̀. Ní Dúgbẹ̀ ni mo ti sọ̀ láti wọ òmíràn. Ọmọ mi, mo rí nǹkan. Níwájú báǹkì ńlá kan, wọ́n gbin koríko. Koríko! Ohun tí bàbá rẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn bá jà, àwọn ń bomi rin ín, wọ́n sì kọ̀wé síbẹ̀, tí ọlọ́dẹ wọn kà fún mi, pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Mo bi ọlọ́dẹ wọn pé ẹṣin mélòó ni ọ̀gá báǹkì ń sìn. Ó ní wọn kò sin ẹṣin, bí koríko náà bá ga wọ́n á gé e, wọ́n á dà á nù. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n odò Ọ̀gùnpa tó wà nítòsí ibẹ̀, tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo dúró lórí afárá, mo wo ìsàlẹ̀. Agolo, ọ̀rá, bàtà, tìmùtìmù tó ti ya. Omi náà kò rí ọ̀nà kọjá, ó ń yí bìrí síbì kan bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Wo bí koríko báǹkì ti ní olùtọ́jú, tí odò kò sì ní ẹnì kan.

Nígbà tí mo dé ilé Alhájì, wọ́n ní kí n jókòó sí pálọ̀, Alhájì ń kírun. Mo jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ohun dúdú kan lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo wá mọ̀ pé tẹlifóònù ni, nítorí o ti sọ fún mi rí pé ènìyàn máa ń wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Mo rò pé kò yẹ kí a fi ènìyàn sílẹ̀ láìdá a lóhùn. Mo gbé ẹnu sún mọ́ ọn, n kò fọwọ́ kàn án, mo ní ẹ jọ̀wọ́ ẹ ní sùúrù, Alhájì ń kírun lọ́wọ́. Ó sì dákẹ́! Ohun ọlọ́wọ̀ gbáà ni. Wọ́n máa ń sọ pé tẹlifóònù Ìbàdàn kì í gbọ́ràn, tèmi gbọ́.

Alhájì jáde. Ènìyàn gíga, ojú le. Wọ́n bi mí pé kí ni mo bá wá. Mo kúnlẹ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú wọn, mo ní iwájú ilé wọn ní Bódìjà ni mo ti ṣà á. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀: màá sọ ti ooru, màá sọ ti ara ọmọ, màá sọ pé ewé kì í ṣe ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n Alhájì mú fúrúùtù kan, èyí tó pọ́n jù, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì di ojú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sì fò lọ.

Wọ́n wá bi mí bóyá ẹ̀ka kan ṣì ń kan fèrèsé yàrá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, yàrá tí ọmọ wa ń sùn ni. Wọ́n ní yàrá tiwọn nìyẹn nígbà kan. Wọ́n ní ìyàwó wọn, Bàdírátù, ló gbin igi náà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́lé lọ́wọ́, obìnrin náà ló ń se oúnjẹ fún àwọn bíríkìlà nínú oòrùn gangan. Ó jẹ fúrúùtù kan ní Àpáta, ó di kóró rẹ̀ mọ́ ìdí ìró wá sílé, ó rì í. Àwọn bíríkìlà ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ilé kò tíì ní òrùlé, ó ti ń gbin ibòòji. Ọlọ́run kò fún un lọ́mọ. Alhájì ní bí àwọn ènìyàn bá fi ìyẹn bú u, á lọ jókòó sí ìdí igi náà, á ní èyí tí òun bí nìyí. Àìsàn kékeré kan ló sì mú un lọ. Alhájì kó kúrò nínú ilé náà, wọ́n fi Nùrẹ́nì síbẹ̀, wọn kò tún gba àdúgbò yẹn kọjá mọ́. Wọ́n ní, ìyá, ẹni tó gbìn ín kò sí, igi ń rú ewé lọ, ṣé ẹ rí i pé ó ń bí mi nínú? Wọ́n ní nígbà tí sàmáńsì dé, àwọn rò pé Ọlọ́run ló fún àwọn ní ìdí láti gé e.

Moróunkẹ́, mo kí wọn. Mo ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo ní Alhájì, ọmọ ń sùn lábẹ́ igi náà báyìí. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún orúkọ náà pè fún mi, kí n gbọ́ ọ dáadáa, nítorí bí Adétóun bá dàgbà yóò fẹ́ mọ ẹni tó ta ibòòji bò ó. Wọ́n pè é. Bàdírátù. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi bo ojú. Mo wo ilẹ̀, nítorí kò yẹ kí obìnrin wo ọkùnrin àgbà tó ń sunkún. Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. N kò dárúkọ ayùn, n kò dárúkọ gọ́tà. Wọ́n fún mi ní ìrẹsì, mo jẹ ẹ́, wọ́n ní kí awakọ̀ wọn gbé mi dé Dúgbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ nígbà tí mo délé pé n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Lóòótọ́ ni n kò mọ̀.

Sátidé náà, o rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Aago mẹ́wàá lù, títì là, àwọn agégi sì dé pẹ̀lú ayùn. O gbé ọmọ wọlé, o ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mọ́tò Alhájì dúró, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n dúró níwájú igi náà, ètè wọn ń mì, bóyá àdúrà ni. Wọ́n ní kí àwọn agégi gé ẹ̀ka gbígbẹ nìkan. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Gbogbo ayálégbé sáré láti gba ìgbálẹ̀, wọ́n kọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbá dé gọ́tà ni ojú wọn yí padà: ewé ti jẹrà, ó ti di ilẹ̀ dúdú tó dára fún ẹ̀fọ́, ọ̀rá àti agolo ló dí omi. Wọ́n béèrè ẹni tó kó ọ̀rá sí gọ́tà ìyàwó wọn. Bí wọ́n ti sọ ọ́ nìyẹn, gọ́tà ìyàwó mi. Gbogbo ilé gbójú sókè, bí ẹni pé òjò ló fẹ́ rọ̀.

Nítorí náà, sọ fún àwọn tó ń kùn pé kí wọ́n yé ju ọ̀rá, ẹnu Alhájì á wálẹ̀. Ìwọ ní tìrẹ, má ṣe wọlé kí o ti ilẹ̀kùn bí Alhájì bá dé. Gbé àga tó ní ìfẹ̀yìntì jáde, kì í ṣe àpótí, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Bu omi tútù fún wọn, bí oúnjẹ bá wà, bu díẹ̀. Gbé Adétóun lé wọn lẹ́sẹ̀ bí ó bá jí. Gọ́tà kọ́ ni wọ́n wá wò, ọmọ mi. Bí wọ́n bá sọ fún ọ bí Bàdírátù ṣe di kóró mọ́ ìdí ìró, tí wọ́n tún sọ ọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ṣe bí ẹni pé o kò gbọ́ ọ rí.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Òrùlé ìdáná wa ti lu, bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù, ṣùgbọ́n má fi sí báǹkì o, awakọ̀ ni kí o fún, a mọ ilé awakọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ wọ́n níhìn-ín, fi sí i. Agolo mílíìkì tí Adétóun bá mu tán, fọ̀ ọ́ kí o kó o pamọ́ fún mi, èmi yóò fi ta ẹ̀pà. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé wọ́n fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tìrẹ, ilé tí ìwọ fúnra rẹ yóò gbin nǹkan sí iwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ kò ní ṣìnà, ojú Adétóun kò ní rí ohun tí yóò mú un sunkún kọjá ẹkún oúnjẹ. Ẹni tó bá fi oore bò yín, orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́ lẹ́nu yín. Àmín, àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,

Àtọ́kẹ́.